Fákẹ́yẹ Fi-Ọ̀kan-Sílẹ̀ àti Ọṣẹ Tó Kọ̀ Tí Kò Dì

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe òkú ìyá ìyàwó Fákẹ́yẹ ní Ikpinlè ni okìkí rẹ̀ kàn dé ibi tí kò yẹ kó kàn dé. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n sọ àsíá àwọn Faransé kalẹ̀ tí wọ́n sì ta tiwa sókè. Inú gbogbo ènìyàn ṣì ń dùn, ẹni tó bá ní òkú í ṣe sì ń ṣe é kí wọ́n lè máa ròyìn rẹ̀. Fákẹ́yẹ ni àgbà nínú àwọn ọkọ ọmọ olóògbé. Iṣẹ́ kan péré ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: kó lọ bá Ṣàngóbíyì, ẹni tí ń dá òjò dúró fún wa ní gbogbo agbègbè Adja-Ouèrè, kí òjò má bàa ba ìnáwó jẹ́.

Ó lọ. Ó gbé ẹmu dání, ó gbé àkùkọ dání. Ṣùgbọ́n ohun tó dé ibẹ̀ tó ń sọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n rán an.

"Ṣàngóbíyì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè ọ́ lo máa ń ṣiṣẹ́, òjò kì í sì í rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Ó dára. Ta ló ti rí ọjọ́ tí wọ́n pè ọ́ tí o kò sì ṣe nǹkan kan?"

Ṣàngóbíyì wò ó títí. "Ta ni yóò pè mí pé kí n wá má ṣe nǹkan kan?"

"Èmi ni. Wá jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí. Mu ẹmu rẹ, jẹ àkùkọ rẹ, má ṣe bá òjò sọ nǹkan kan. Ká wò ó bóyá yóò rọ̀."

Láti ìgbà tí bàbá Ṣàngóbíyì ti fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, kò tíì sí ẹni tó fún un ní àkùkọ torí kó má ṣiṣẹ́. Ó gbà. Ta ni kò ní gbà?

Nígbà tó di ọ̀sán, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀, òjò dé. Kì í ṣe òjò wíníwíní o. Ẹ̀kọ ń léfòó nínú ọbẹ̀. Àwọn àgbà ìdílé sá wọ ilé adìyẹ, àwọn obìnrin da abọ́ borí. Ṣàngóbíyì jókòó sí àyè rẹ̀ lábẹ́ òjò, ó ń jẹ itan àkùkọ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Nígbà tí àwọn àna yóò fi rí Fákẹ́yẹ, àárín agbo ló dúró sí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀kan nìyí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọ̀kan kò tó. A gbọ́dọ̀ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kó tó lè dá wa lójú."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ nu ojú nù. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ìyá ìyàwó mélòó lo rò pé o ní?"

Ó pẹ́ kí àwọn àna tó dárí jì í. Ṣùgbọ́n ohun tó dun Fákẹ́yẹ jù kọ́ nìyẹn. Ohun tó dùn ún ni pé láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ Ṣàngóbíyì di ìlọ́po méjì. Gbogbo ayé ń sọ pé ẹ ò rí i bí, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó káwọ́ gbera, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ikpinlè lọ. Fákẹ́yẹ ń tọ̀ wọ́n láti ilé dé ilé, ó ń ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀kan kò dáni lójú, ó lè jẹ́ pé òjò ti fẹ́ rọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ṣàngóbíyì nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà lọ, ó sì máa ń bi í nígbà gbogbo pé, "Ìgbà wo la tún ń jókòó?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ó bá wí. Nígbà tí Fákẹ́yẹ wà ní ọ̀dọ́, ó ṣe alágbàṣe ní oko kan ní ìhà Pobè, níbi tí wọ́n ti ń wádìí ọ̀pẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi àdá pa koríko. Ó rí i pé wọ́n ń da ìyẹ̀fun funfun kan sí ìdí ọ̀pẹ láti ìlà dé ìlà, ṣùgbọ́n wọ́n fo ìlà kan, wọn kò da nǹkan kan sí i. Ó rò pé ìyẹ̀fun ló tán. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n tún fo ìlà kan náà yẹn. Ó lọ bá Marcellin, ọ̀gá àwọn alágbàṣe, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ tún ti gbàgbé ìlà yìí."

Marcellin ní, "A kò gbàgbé rẹ̀, a fi í sílẹ̀ ni. Bí a bá da ìyẹ̀fun sí gbogbo wọn, tí gbogbo wọn sì so jìngbìnnì, báwo la ó ṣe mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun ló ṣe é tàbí òjò?"

Marcellin ìbá ti sọ pé kó padà sídìí koríko rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ọ̀gá máa ń sọ. Ṣùgbọ́n ó dá a lóhùn, àwa tí a wà ní ẹ̀bá Oko-Akarè la sì jẹ ìyà ìdáhùn náà títí ọkùnrin náà fi kú.

Láti ìgbà tó ti dé láti Pobè, kò sí ohun tí Fákẹ́yẹ ṣe ní pípé mọ́. Ohun gbogbo, ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀. Egbò yọ sí i lẹ́sẹ̀ méjèèjì, wọ́n fún un ní oògùn, ó fi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ti òsì sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún jinná. Ẹfúnwùmí ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Málọmọ́, ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ fi sí èkejì."

"Ta ló sọ pé ó ṣiṣẹ́? Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ jinná fúnra rẹ̀ ni. Jẹ́ ká wo ohun tí òsì yóò ṣe."

Ohun tí òsì ṣe ni pé ó wú. Ó ń tiro lọ sóko, ó ń tiro bọ̀, gbogbo wa ń wò ó, ó ń sú wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó sùn lọ lábẹ́ igi, Ẹfúnwùmí yọ́ lọ fi oògùn pa ẹsẹ̀ òsì náà. Nígbà tó jí, inú bí i débi pé kò bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ fi jinná. Ó ní ó ti ba nǹkan jẹ́.

Ẹ gbọ́ ti ewúrẹ́. Ó gbin àgbàdo, ó da ìgbẹ́ adìyẹ sí ìlà kan, ó fi ìlà kejì sílẹ̀. Ewúrẹ́ Oyèlẹ́yẹ já okùn, ó lọ jẹ ìlà tó fi sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oyèlẹ́yẹ yìí ni ẹ̀gbọ́n Fákẹ́yẹ, òun náà sì ni olórí agboolé wọn. Ó ti múra láti bẹ̀bẹ̀, ó ti mọ ohun tí yóò fi tu àbúrò rẹ̀ nínú. Fákẹ́yẹ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ní kó jọ̀ọ́, kó tún tú ewúrẹ́ náà sílẹ̀, kó jẹ ìlà tó kù pẹ̀lú, kí méjèèjì lè dọ́gba.

Irú ẹni tí a ń bá gbé nìyẹn. Ó lè wí pé kán-ún kì í mú ẹ̀wà jinná, kó se ìkòkò kan láìfi kán-ún sí i, kí ẹ̀wà náà le bí òkúta, kó sì jókòó jẹ gbogbo rẹ̀ ní ojú wa, ó ń fi eyín fọ́ ọ. Bí o bá bi í, yóò ní, "Mo ṣì í. Kán-ún ń ṣiṣẹ́." Inú rẹ̀ á sì máa dùn. Èmi kò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn bẹ́ẹ̀ tó bá ṣi nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ kò bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rín rárá.

Àwọn ológun ti gba ìjọba ní Kútọnu nígbà náà. Ràdíyò Kàsímù aránṣọ, tí ilé rẹ̀ kọjú sí agboolé Oyèlẹ́yẹ, ń sọ̀rọ̀ ìyípadà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nínú agboolé náà, Ẹfúnwùmí ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú. Láti Adja-Ouèrè dé Tatonnonkon, kò sí ọṣẹ tó ń dì bíi tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbàgbé. Àfi lọ́dún náà tó po àdín pọ̀ mọ́ omi eérú, tó dá iná sí i, tó rò ó títí apá fi ń dùn ún, tí ọṣẹ kò dì. Ó ń yọ̀ nínú ìkòkò bí ọbẹ̀ ilá.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í kí ẹni tó ń ro ọṣẹ. O máa kọjá ní tìrẹ ni, títí tí yóò fi gbé orógùn sílẹ̀. Ọmọ kékeré ilé wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyábùnmi kò mọ̀. Ìyábùnmi ni opó àbúrò Oyèlẹ́yẹ àti Fákẹ́yẹ tó ṣaláìsí. Ọmọ Tatonnonkon ni, níbi tí wọ́n ti ń kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe ohunkóhun. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná ọṣẹ lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyálé."

Nígbà tí ọṣẹ kò dì, Ẹfúnwùmí rántí. Wọ́n kìlọ̀ fún Ìyábùnmi. Ìgbà kejì, ó tẹ orí ba, ó kọjá láìla ẹnu, ọṣẹ náà kò tún dì. Àwọn obìnrin ní nígbà náà, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, inú ilé ló jókòó sí, ọṣẹ náà tún ṣàn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun mìíràn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ kò kúkú ṣàìsàn pẹ́ kó tó kú.

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe eré. Oyèlẹ́yẹ pe gbogbo ilé jọ, ó ní kí àlàáfíà lè wà, kí Ìyábùnmi padà sí ilé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Ikpinlè tó ń bọ̀. Abọ́dúndé ọmọ rẹ̀ yóò dúró, torí ọmọ ilé ni. Abọ́dúndé kò ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ.

Ìyábùnmi wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, bí ẹ bá ní kí n lọ, n ó lọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ náà dání. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sùn ti ẹlòmíràn."

"Ọmọ ilé yìí ni," Oyèlẹ́yẹ wí. Kò wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni Fákẹ́yẹ ti wúkọ́. "Mo fẹ́ bi yín léèrè ohun kan."

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Ẹfúnwùmí ní, "Bàbá Málọmọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ní obìnrin yìí ni kò jẹ́ kí ọṣẹ dì. Ta ló ti fi ọ̀kan sílẹ̀?"

Ó ní kí wọ́n ṣe ọṣẹ ní ìkòkò méjì. Kí àdín jẹ́ ọ̀kan náà, kí omi eérú jẹ́ ọ̀kan náà, kí igi ìdáná jẹ́ ọ̀kan náà. Kí Ìyábùnmi dé ìdí ìkòkò kan kó sì kí i, kó má dé ìdí èkejì. Bí èyí tó kí bá ṣàn, tí èyí tí kò kí sì dì, òun fúnra òun ni yóò bá a gbé ẹrù dé Tatonnonkon. Ẹfúnwùmí ní ta ni yóò fi àdín ṣòfò. Fákẹ́yẹ ní àdín tiwọn méjèèjì ni wọn ó lò. Obìnrin náà wò ó bí ẹni tó fẹ́ fi ojú gún un.

"Ohun kan ṣì kù," Fákẹ́yẹ ní. "Ìwọ tí o ń ro ọṣẹ, o kò gbọdọ̀ mọ ìkòkò tó kí."

"Kí ló dé?"

"Bí o bá mọ̀, ọwọ́ rẹ yóò mọ̀."

Ẹfúnwùmí kọ ẹ̀yìn sí i. Ó dìde, ó wọlé, kò se oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé Kàsímù ló ti jẹun, ràdíyò sì ń pariwo sí i létí.

Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé ìkòkò méjèèjì kaná. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin lọ dúró sẹ́yìn ilé, Kàsímù aránṣọ nìkan ló dúró ṣe ẹ̀rí, torí gbogbo wa mọ̀ pé kì í purọ́. Ìyábùnmi wọlé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kàsímù sọ lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì rí ohun tó ṣeni láàánú tó obìnrin tó ń kí ìkòkò. Ìyábùnmi jáde. Àwọn obìnrin padà wá, wọ́n rò ó títí.

Ìkòkò méjèèjì ṣàn.

Ẹ ò mọ ariwo tó sọ. Fákẹ́yẹ ní ẹ ò rí i bí, èyí tó kí àti èyí tí kò kí, bákan náà ni wọ́n rí, kíkí kọ́ ló ń ṣe é. Oyèlẹ́yẹ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní inú ilé ìdáná kan náà ló dúró sí, bí agbára bá wà lójú rẹ̀, kí ni yóò dí ojú náà lọ́wọ́ kó má kan ìkòkò kejì?

A rò pé Fákẹ́yẹ yóò bá a jà. Ó dúró, ó rò ó, ó ní, "Òótọ́ lo sọ, ẹ̀gbọ́n mi. N kò rò ó débẹ̀."

Ìyábùnmi, tí kò tíì gbé ohùn sókè láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, yíjú sí i. "Bàbá, ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an?"

"Ìyàwó, n kò tíì mọ̀," ó ní. "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń dán an wò."

Ẹ gbà mí. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ sílẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ ní ojú gbogbo ilé.

Ó ní kí wọ́n ṣe ìkòkò kan sí i, ṣùgbọ́n kí Ìyábùnmi wà ní Tatonnonkon lọ́jọ́ náà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé ibi ìdáná wa. Kàsímù àti ìyàwó rẹ̀ sìn ín lọ. Oyèlẹ́yẹ kò jẹ́ kó gbé ọmọ dání, kó má bàa lọ láìpadà. Abọ́dúndé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ìyá rẹ̀ ṣe yí kọ́nà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun. Ìgbà tó yá, Ẹfúnwùmí fi ìbínú gbé e pọ̀n, ó so ọ̀já le, ó mú orógùn. Bó ṣe ń ro ọṣẹ lọmọ ń ké, bọ́mọ ṣe ń ké ló ń rò ó. Nígbà tó rẹ ọmọ náà, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, ó sùn.

Ẹfúnwùmí rò ó, ó rò ó. Ọṣẹ náà ṣàn.

Ó gbé orógùn sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó wo inú ìkòkò náà fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún un. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Kì í ṣe òun."

Lẹ́yìn náà ó wo ọkọ rẹ̀. "Kí wá ni?"

Fákẹ́yẹ ti ń dúró de ìbéèrè náà. Ó ní kí wọ́n mú nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdín ńkọ́? Wọ́n fi díẹ̀ dín àkàrà, kò sí ohun tó ṣe é. Igi ìdáná ńkọ́? Igi tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni, ọbẹ̀ sì ń jinná. Omi eérú ńkọ́? Ẹfúnwùmí ní òun máa ń tọ́ ọ wò, ó ń ta lẹ́nu. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti wo ara wọn. Ẹfúnwùmí ń fi áṣáà sẹ́nu láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá. Bí o bá fi ata sí ahọ́n rẹ̀, yóò ní iyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un?

Kàsímù ló gbà wá là. Òun àti ìyàwó rẹ̀ àti Ìyábùnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Tatonnonkon, eruku ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ki ìka bọ omi eérú náà, ó lá a, ó tún un lá.

"Omi ni," ó ní. "Omi lásán."

"Eérú wo lẹ fi ṣe é?" Fákẹ́yẹ béèrè.

"Èyí tó wà nínú àpò ẹnu ọ̀nà," Ẹfúnwùmí dáhùn. "Òun náà ni mo ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti inú yàrá ṣì wà ní dídì."

Fákẹ́yẹ kò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó yé yín: Fákẹ́yẹ dákẹ́. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí nínú wa. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá Málọmọ́?"

"Àpò ẹnu ọ̀nà yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Nígbà òjò tó kọjá, àpò eérú méjì ló wà nílé. Mo gbé ọ̀kan síta sábẹ́ òjò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń ba eérú jẹ́."

"Èkejì ńkọ́?" Oyèlẹ́yẹ béèrè.

Gbogbo agboolé ló dáhùn pọ̀. "Ó fi í sílẹ̀."

Ẹfúnwùmí wá rántí. Òun fúnra òun ló bá àpò náà níta lẹ́yìn òjò, tó bú òmùgọ̀ yòówù tó gbé eérú síta, tó sá a gbẹ, tó sì wọ́ ọ wálé sí ẹnu ọ̀nà. Òmùgọ̀ náà ní tirẹ̀ ti gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti àgbàdo ló gbà á lọ́kàn nígbà náà.

A rò pé ìtìjú yóò pa á. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ọkùnrin náà. Bó ṣe ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé orí sókè.

"Ó ń bà á jẹ́ o," ó ní. "Òjò ń ba eérú jẹ́."

Ẹfúnwùmí mú orógùn. Pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, pẹ̀lú ọṣẹ tó ń kán láti ara igi náà, ó lé ọkọ rẹ̀ yí agboolé po, ó lé e gba ẹ̀yìn ilé adìyẹ, ó lé e dé abẹ́ tábìlì Kàsímù aránṣọ. A kò gbà á sílẹ̀. Èmi kò mọ ẹni tí ìbá gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó jáde lábẹ́ tábìlì, òwú ìránṣọ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó lọ tààrà sí iwájú Ìyábùnmi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àgbà bí tirẹ̀, níwájú ìyàwó ilé tó lè bí lọ́mọ. Obìnrin náà sá sẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde.

"Ìyàwó, èmi ni mo gbé àpò síta," ó ní. "Bí ẹnì kan yóò bá lọ sí Tatonnonkon, èmi ló yẹ."

Oyèlẹ́yẹ ní, "Kí ni àwọn ará Tatonnonkon fi ṣẹ̀ wá?" A rẹ́rìn-ín, àwa tí a ti ń dì í mú láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Oyèlẹ́yẹ kò tún sọ̀rọ̀ ọjà Ikpinlè mọ́.

Ẹfúnwùmí tú ọ̀já, ó gbé Abọ́dúndé fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣí àpò eérú tó wà nínú yàrá, ó gbé ìkòkò kaná, ó sì ránṣẹ́ pe Ìyábùnmi. Ó ti ń ro ọṣẹ nígbà tí Ìyábùnmi dé, ìyẹn sì dúró lókèèrè, ó tẹ orí ba.

"Kí mi," Ẹfúnwùmí wí.

"Ìyálé?"

"Mo ní kí o kí mi."

Ìyábùnmi kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyálé."

"Oo, ọmọ mi. O ṣé. Wá gba orógùn yìí, apá ń dùn mí."

Ọṣẹ yẹn dì débi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ló ń ṣe é pọ̀. Ìyábùnmi ló sì ń tọ́ omi eérú wò. Ẹfúnwùmí kò sọ ìdí rẹ̀, àwa náà kò béèrè.

Ọdún tí wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà ni ikọ́ dá Fákẹ́yẹ dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá, ó fún un ní oògùn oníhóró. Gbogbo ilé dúró yí i ká, a ń wo ọwọ́ rẹ̀, torí a mọ̀ ọ́n. Ẹfúnwùmí ní kó la ẹnu, ó yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ wò. Ó ti gbé gbogbo rẹ̀ mì, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ìgbà náà la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le.

Ó kú ní àkókò òjò. Ọṣẹ Ìyábùnmi ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó fi ewé tútù dì í, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ tán. Oyèlẹ́yẹ ránṣẹ́ sí Ṣàngóbíyì pé kó wá bá wa mú òjò dúró. Ṣàngóbíyì ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó dé, ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó ká ọwọ́ lé itan.

Ojú ọ̀run ṣú. Oyèlẹ́yẹ ní, "Ṣàngóbíyì, ṣe nǹkan kan."

"Mo ti ń ṣe é," ọkùnrin náà dáhùn. "Bó ṣe fẹ́ kí n ṣe é nìyí."

Kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí itan títí ẹran rẹ̀ fi dé. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, òjò dé, òjò tó tó òjò. Gbogbo ènìyàn sá. Àwọn àna tó wá láti Ikpinlè ti dàgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì mọ ọ̀nà ilé adìyẹ. Ẹfúnwùmí nìkan ni kò sá. Ó dúró sáàárín agboolé, gèlè rẹ̀ ti rẹ, ó ń wo Ṣàngóbíyì tó ń jẹ ẹran rẹ̀ lábẹ́ òjò.

Ìyábùnmi sáré jáde pẹ̀lú ìró kan, ó fẹ́ fi bò ó. Ẹfúnwùmí mú un lọ́wọ́.

"Méjì nìyẹn," ó ní.

Ìyábùnmi wo ojú rẹ̀. "Ó ku mẹ́jọ, Ìyálé."

Ẹfúnwùmí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ó ní láti gbára lé Ìyábùnmi. Nígbà tó yá kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ó ń sọ pé, "Ọkùnrin yìí, ọkùnrin yìí," kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyábùnmi ta ìró náà bo àwọn méjèèjì lórí. Abọ́dúndé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀, ẹ̀kọ ti ń léfòó nínú ọbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọn kò lọ. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí òjò fi dá.